Ẹ Má Fi Ọjọ́ Orí Ọmọ Pamọ́

Sí Olóòtú,

Òǹkàwé yín tó ní torí àwọ̀ wa ni wọn kò ṣe jẹ́ kí ọmọ òun, ọmọ ọdún 19, dá gba yàrá nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi ní Miami ṣi ọ̀rọ̀ náà mú. Ní Royal Caribbean, ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà, bí ọkọ̀ bá gbéra láti Amẹ́ríkà, ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 gbọ́dọ̀ wà ní yàrá pẹ̀lú ẹni tó ti pé e. Bó bá jẹ́ láti Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ọdún 18 ti tó. Bí òfin ọtí ilẹ̀ méjèèjì ṣe rí náà nìyẹn.

Ohun tó ká mi lára jù ni ìmọ̀ràn òǹkàwé náà pé kí òbí bu ọjọ́ orí kún ti ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Ìwé ìrìnnà ni wọ́n máa yẹ̀ wò ní èbúté, níṣojú ọmọ, pẹ̀lú ẹrù nílẹ̀. Kí la fẹ́ fi irọ́ ṣe, nígbà tí òfin ilé-iṣẹ́ náà gba òbí láyè láti fi àwọn ọmọ wọn kéékèèké sí yàrá tó kángun sí tiwọn?

Ibì kan wà tí mo ti gbè òǹkàwé náà lẹ́yìn. Tọkọtaya tí kò tíì pé ọdún 21 lè gba yàrá tiwọn, ṣùgbọ́n tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ọlọ́dún 20 àti 19, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń san owó orí, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí ló yẹ ká jọ kọ̀wé tako.