Ẹ Má Fojú Kéré Apẹja Odò

Bí a bá dárúkọ iṣẹ́ tó ń mú owó wọ ìlú, epo rọ̀bì àti ilé iṣẹ́ ńláńlá ni ọ̀pọ̀ ń rántí. Ta ló ń rántí apẹja tó wa ọkọ̀ onígi lọ sójú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ní ìdájí, tàbí ẹni tó dẹ ìgèrè sínú odò Ògùn?

Síbẹ̀, iṣẹ́ wọn kì í ṣe kékeré. Ìwádìí tí FAO gbé jáde ní 2023 fi hàn pé àwọn apẹja kéékèèké ló ń pa nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ẹja tí a ń pa lágbàáyé. Nínú ènìyàn 10 tó wà nídìí iṣẹ́ náà, obìnrin ni 4. Ẹ wo bí owó rẹ̀ ṣe ń rìn: ọkùnrin pa ẹja, ìyàwó yan án, ẹni tó ń gbẹ́ ọkọ̀ àti ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe rí tiwọn gbà, awakọ̀ gbé e lọ sọ́jà, owó ilé ìwé ọmọ sì jáde. Èpìyà kékeré tí a jẹ teegunteegun tún ń mú egungun ọmọ le.

Kí ló wá ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́? Èkíní, ẹja tútù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Níbi tí kò ti sí yìnyín tàbí ọ̀nà gidi, iye tó bá wu oníbàárà ni wọ́n ń tà á. Èkejì ni májèlé. Gamalin 20, oògùn kòkòrò inú oko kòkó, ni àwọn kan ti dà sódò láti fi pẹja. Ó ń pa ẹja ńlá, ó ń pa ọmọ ẹja, ó sì léwu fún ẹni tó jẹ ẹ́. Lindane tó wà nínú rẹ̀ ni àdéhùn Stockholm kà léèwọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ní 2009. Ẹni tó fi májèlé pẹja lónìí ti jẹ oúnjẹ ọ̀la ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin apẹja, ẹ dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, kí ẹ lè jùmọ̀ ra yìnyín, kí ẹ sì fohùn ṣọ̀kan lórí àwọ̀n tí kò ní kó ọmọ ẹja. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má ná ẹja ẹni tó ti wà nídìí èéfín láti òru títí èrè rẹ̀ yóò fi tán. Gbogbo wa pátá, bí àwọn tó ń wá ìbò bá dé, ẹ bi wọ́n pé: ibo ni ilé yìnyín ọjà wa wà? Odò kò lẹ́nu tí yóò fi bẹ̀bẹ̀. Àwa la ó bá a sọ̀rọ̀.