Ẹ wo ohun táwọn ọmọ iléèwé sọ tíṣà wọn dà l'Amẹ́ríkà!

Ẹ̀yin tíṣà tó wà láàárín wa, ẹ ṣọ́ra yín o! Àwọn ọmọ tí ẹ rò pé wọn kì í fetí sílẹ̀ yẹn, wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀ ń sọ. Ẹ gbọ́ ohun tójú Jim Morris rí ní Texas.

Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Big Lake lọkùnrin yìí ti ń ṣe tíṣà sáyẹ́ǹsì, ní Reagan County High School. Òun náà ni kóòṣì ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù iléèwé ọ̀hún. Nígbà tọ́rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1999, ó ti di ẹni ọdún 35, ó níyàwó, ó sì bímọ mẹ́ta. Ẹni tó bá rí i ò ní í rò pé ó tún ku nǹkan kan tó fẹ́ ṣe lórí pápá ju kó máa pariwo mọ́ àwọn ọmọ lọ.

Àmọ́ béèsìbọ́ọ̀lù ti bọ́ ọkùnrin yìí rí. Lọ́dún 1983, nígbà tí kò tíì pé ẹni ogún ọdún, ẹgbẹ́ Milwaukee Brewers mú un pé kó wá máa ju bọ́ọ̀lù fáwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ eré náà, bó ṣe rí rèé: ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù máa dúró ní nǹkan bí ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà sí ẹni tó di igi mú, á wá fi gbogbo agbára ẹ̀ jù ú kọjá níwájú ẹ̀, kónítọ̀hún má baà rí i gbá. Bó bá tàsé lẹ́ẹ̀mẹta, ó tán, kó lọ jókòó. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ńlá kì í kàn gbé ọmọdé sórí pápá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké lábẹ́ wọn, ọ̀kan lórí ọ̀kan bí àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán wọn wò. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í débi tí àtẹ̀gùn náà parí sí.

Morris ò débẹ̀. Apá òsì tó fi ń jù ló kọ̀ fún un. Ìgbọ̀nwọ́ ń dùn ún, èjìká ń dùn ún, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ títí, pàbó ló já sí. Chicago White Sox náà tún gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún 1989, kò bọ́ sí i. Ló bá gba yunifásítì lọ, ó kàwé, ó di tíṣà. Ta ló máa bá a wí? Wọn kì í fi àlá san owó ilé.

Ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ní Big Lake kì í ṣe ẹgbẹ́ tẹ́nikẹ́ni ń bẹ̀rù. Lọ́jọ́ kan, kóòṣì ń wàásù fún wọn pé kí wọ́n má fi ohun tó wà lọ́kàn wọn ṣeré, làwọn ọmọ bá dá ọ̀rọ̀ náà padà fún un: òun náà ńkọ́? Ṣebí òun ló máa ń ju bọ́ọ̀lù táwọn ò rí gbá níbi ìdánrawò? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá ní òun máa dáṣọ fúnni, tọrùn ẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Àwọn ọmọ Texas ò gbọ́ òwe yìí rí o, àmọ́ wọ́n fi ṣèwà hù. Wọ́n bá jọ ṣàdéhùn: báwọn ọmọ bá gba ipò kìn-ín-ní lágbègbè wọn, tíṣà máa lọ dán ara ẹ̀ wò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ńlá. Ní tèmi o, mo gbà pé ohun tó jẹ́ kọ́kùnrin náà gbà kíá ni pé kò rò pé wọ́n lè ṣe é.

Wọ́n ṣe é!

Nínú oṣù kẹfà ọdún náà, tíṣà gba ibi tí Tampa Bay Devil Rays ti ń dán àwọn ọ̀dọ́ wò lọ, ó kó ọmọ ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání. Ó jù ú, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo eré bọ́ọ̀lù ka máìlì 98 láàárín wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 158. Ó tún jù ú, bákan náà ni. Nígbà tára ẹ̀ le koko, kò jù ú tó bẹ́ẹ̀ rí! Wọ́n gbà á, wọ́n ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ ní Orlando, wọ́n gbé e lọ sí Durham, nígbà tó sì di September 18, ó ti wà lórí pápá àwọn ẹgbẹ́ ńlá, ní Arlington, ní Texas tiwọn níbẹ̀. Royce Clayton ti Texas Rangers ló kọ́kọ́ dojú kọ. Bọ́ọ̀lù mẹ́rin péré, Clayton ti lọ jókòó.

Ibí yìí ni Disney ti rí owó. Wọ́n fi ṣe fíìmù The Rookie lọ́dún 2002, Dennis Quaid ló ṣe Morris. Fíìmù tó dùn ni, àmọ́ wọn ò jẹ́ ká débi tó korò. Ní May 9, 2000, ní pápá Yankees ní New York, wọ́n gbé Morris wọlé, gbogbo béèsì ti kún. Bọ́ọ̀lù ò lọ síbi tó fẹ́, Paul O'Neill ò tilẹ̀ nílò àtigbá a, ó kàn rìn lọ ni, àwọn Yankees bá fìyẹn borí. Morris ò padà sórí pápá ẹgbẹ́ ńlá mọ́ láti ọjọ́ náà. Apá yẹn ló tún dé. Gbogbo géèmù tó ti wọlé jẹ́ 21, ìpele 15 ló sì jù. Mẹ́sàn-án ló ń pé géèmù kan, a jẹ́ pé kò tó odindi géèmù méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò padà sí kíláàsì. Ńṣe ló ń rìn kiri tó ń bá àwùjọ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má fi ohun tó wà lọ́kàn wọn ṣeré. Àwọn wọ̀nyí ń sanwó kí wọ́n tó gbọ́ ọ o. Ọ̀fẹ́ làwọn ọmọ Big Lake gbọ́ tiwọn.