Níyì Ọ̀ṣúndáre àti orúkọ igi tí a kò mọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá ní kí a dárúkọ ẹyẹ mẹ́wàá ní èdè Yorùbá láìfi Faransé kún un, ẹni mélòó nínú wa ni yóò kọjá márùn-ún? Ìbéèrè yìí ló mú mi ronú nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyì Ọ̀ṣúndáre.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí akéwì, ṣùgbọ́n ọmọ ilé iṣẹ́ tiwa náà ni, torí ìmọ̀ ìṣọwọ́lò-èdè ló fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọmọ àgbẹ̀ ni, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni wọ́n bí i sí ní 1947. Ìwé rẹ̀, The Eye of the Earth, jáde ní 1986, ọdún náà gan-an ló sì gba ẹ̀bùn ewì Commonwealth. Òkúta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, ìrókò, òjò àti oko ló kún inú rẹ̀. Ohun tó gbà gbọ́ kò ṣòro: ilẹ̀ ló ń bọ́ wa, ẹni tó bá bà á jẹ́ nítorí owó, ara rẹ̀ ló ń bà jẹ́. Kò sọ pé kí a má fọwọ́ kan ilẹ̀ o. Ọmọ àgbẹ̀ mọ̀ pé ríro ni à ń ro ilẹ̀. Ríro kò sì jọ píparun.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, omi ìjì Katrina ká òun àti ìyàwó rẹ̀ mọ́ àjà ilé wọn ní New Orleans fún nǹkan bíi wákàtí 26, ìwé rẹ̀ púpọ̀ sì bá omi lọ. Síbẹ̀ kò dákẹ́. Ní 2021, ó tún gbé ìwé ewì mìíràn, Green, jáde lórí àìsàn tó ń ṣe ayé.

Àwọn kan yóò ní, “Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, kí ló kan Yorùbá níbẹ̀?” Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn: ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìkẹ́rẹ́ kò lè ka ìwé náà. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kó tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ó ti fi Yorùbá mọ̀ ọ́n. Orúkọ igi ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a fi Faransé kàwé láti kékeré. Bí a bá ń lọ wádìí èdè ní Kétu, Pobè tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, àkójọ ọ̀rọ̀ Swadesh la sábà máa ń mú dání. Ó wúlò fún fífi èdè wé èdè, ìdí tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n igi kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ẹyẹ kan ṣoṣo. A ó kọ “igi”, a ó kọ “ẹyẹ”, a ó wọ takisí padà sí Calavi. Ìrókò, àràbà, ayín, akòko, òrúrù, agbe, àlùkò, ẹ̀gà: kò sí èyí tó bá wa délé. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò mọ agbe, báwo ni yóò ṣe lóye àdúrà tí àgbà fi agbe ṣe?

Ìmọ̀ràn mi kò wúwo. Kí ẹni tó bá ń kọ mémoire lórí ẹ̀ka-èdè Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀ fi ojú ewé mélòó kan sílẹ̀ fún orúkọ igi, ẹyẹ àti oríṣi ilẹ̀. Kó má jókòó sí pálọ̀ gbà á; kó bá ọdẹ àti àgbẹ̀ wọ oko, kó gba orúkọ náà níwájú igi gan-an.

Ṣábẹ̀ẹ́ ní òkè olókùúta tirẹ̀, bí Ìkẹ́rẹ́ ṣe ní Olósùnta. Àwọn tó mọ orúkọ ohun tó ń hù lẹ́sẹ̀ òkè náà ń darúgbó. Bí wọ́n bá lọ láìjẹ́ pé a bi wọ́n, akéwì tí Ṣábẹ̀ẹ́ yóò bí lọ́la yóò mọ igi, kò ní mọ ìrókò.