Èló Ni Ẹṣin Náà?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ó buyì kún mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àìsàn tí ó ṣe mí kì í ṣe èmi nìkan ni ó ń ṣe. Àìsàn náà ni kí ènìyàn máa wo ara rẹ̀ bí ẹni tí kò jámọ́ nǹkan kan.

Itamaga ni mo ń gbé, ní Ìkòròdú, lójú ọ̀nà tí ó gba Itoikin lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí ó wà ní Noforija, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ni mo ti gba ìwé ẹ̀rí, kí ó tó di apá kan yunifásítì ní 2022. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ṣílé. Òun kò ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ju ọdún méjì lọ tí ó fi bọ́ sí ìdí òwò. Ó fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo wo bàtà mi, mo wo àpò mi, mo sì sọ fún ìyàwó mi pé orí ń fọ́ mi. Ó wò mí títí, ó ní, “Ẹ sinmi náà o.” Irọ́ ni mo pa. Orí kò fọ́ mi rárá. Ojú ni ó ń tì mí.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó bá ti ka ara rẹ̀ sí aláìníláárí, kì í pẹ́ tí yóò fi máa ka ẹlòmíràn sí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, inú tí ó ń bí mi sí ara mi ni mo gbé wọ kíláàsì. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń sun àgbàdo tà ní oríta Itamaga. Ó pẹ́ dé. Mo ní kí ó dìde kàwé, kò lè ka ìlà kan parí. Mo wá sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, “Ìwọ yìí, bí a bá gbé ọ lọ sí ọjà lónìí, ta ni yóò fi náírà kan rà ọ́?” Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Lọ́jọ́ kejì ọmọ náà kò wá. Lọ́jọ́ kẹta kò wá. Mo ṣe bí ẹni pé n kò ṣàkíyèsí.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ó kan ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther nínú ìwé wa. Mo sọ fún àwọn ọmọ bí ogun ṣe kó Àjàyí ní Òṣogùn ní 1821, nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 12, àti bí wọ́n ṣe fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Ọmọbìnrin kékeré kan na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, tíṣà, èló ni ẹṣin náà?”

Mo la ẹnu, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọmọ alágbàdo ni ó padà wá bá mi.

Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tún ìtàn náà rò. Nínú lẹ́tà tí Crowther kọ ní 1837, ó ròyìn pé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ẹni tí ó gba ẹṣin náà ní kò wu òun mọ́, ni wọ́n bá dá ẹṣin padà, tí wọ́n sì dá ọmọ padà bí ẹni dá ọjà tí kò dára padà. Lẹ́yìn èyí wọ́n tún tà á fún ẹlòmíràn, àti fún ẹlòmíràn. Ìbànújẹ́ pọ̀ lọ́kàn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ní ọjà kan létí ọ̀sà, tí ó pè ní Ìkòsì, tábà ni wọ́n fi rà á. Ẹ wò ó: lójú àwọn tí ń ná an, iye rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ni, láti orí ẹṣin dé orí tábà.

Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí wọ́n kó wọn sí, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, Àjàyí ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1825. Wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní 1843, àti bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ipa tí ó kó nínú ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa kò kéré, odindi èyí tí ó jáde ní 1884.

Ẹnìkan lè wí pé, “Tíṣà, bíṣọ́ọ̀bù ni ó dà, ìdí nìyẹn tí ó fi níye lórí.” Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù nínú ọkọ̀ kan náà ńkọ́? Wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ wọn ni a kò mọ orúkọ wọn títí di òní. Ṣé nítorí pé wọn kò jẹ bíṣọ́ọ̀bù, iye tábà ni wọ́n jẹ́ títí ayé? Kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Àti pé oyè náà kò gba Crowther pàápàá lọ́wọ́ àwọn tí ń ná ènìyàn. Ní 1890, nígbà tí ó ti darúgbó, àwọn òyìnbó míṣọ́nárì kan tí wọ́n kéré sí i púpọ̀ dé sí agbègbè Odò Ọya. Wọ́n tú iṣẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹni tí kò tóótun. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi sí ipò rẹ̀. Ní 2014 ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, Justin Welby, tó dìde níbi ìsìn ìrántí ní Canterbury, tí ó tọrọ ìdáríjì lórí ìwà tí Ìjọ hù sí i. Ó ti ju ọgọ́fà ọdún lọ tí ó ti wà ní sàréè. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí àwọn ènìyàn bá dá iye òun bí ó ti tọ́ ni ó ń retí kí ó tó gbé orí sókè, ìbá ti retí kú.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ yìí yé yín jù mí lọ. Bí ₦1,000 bá bọ́ sínú ẹrẹ̀ ní ọjà Sábó, tí ẹsẹ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn tẹ̀ ẹ́, ẹ kò ní fi í sílẹ̀. Ẹ ó nù ún, yóò sì ra ohun tí ó ń rà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ kọ́ ni ó ṣe é, kò sì lè dín iye rẹ̀ kù. Ohun tí Olúwa wa fi pa òwe obìnrin tí ó gbálẹ̀ títí tí ó fi rí owó fàdákà rẹ̀ kan nìyẹn. Owó tí ó sọnù kò di òkúta nínú òkùnkùn. Obìnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni ó ṣe ń wá a. Ẹni tí ó gba Jésù gbọ́ mọ̀ pé a ti wá òun bẹ́ẹ̀, àti pé kì í ṣe ẹṣin tàbí tábà ni a fi ra òun padà. Kí ni n óò wá máa fi bàtà mi díwọ̀n ara mi sí?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì mo lọ sí oríta. Ìyá ọmọ náà ń fẹ́ iná, ọmọ ń yí àgbàdo. Ìyá ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, tíṣà. Ṣé ó tún ṣẹ̀ yín ni?”

Mo ní, “Rárá, Màmá. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.”

Nílẹ̀ wa, àgbà kì í sábà bẹ ọmọdé. Ó ṣòro fún mi, ṣùgbọ́n mo lóṣòó níwájú rẹ̀, mo ní, “Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ kì í ṣe òtítọ́. Má bínú.” Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo iná, kò dá mi lóhùn. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀ ó ṣa àgbàdo kan tí ó tóbi, ó fi háhá rẹ̀ wé e, ó nà án sí mi. Mo rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ó ní, “₦300 ni, tíṣà.”

Ìyá rẹ̀ fẹ́ bá a wí, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo fún un ní ₦1,000. Kí n tó pajú dé, ó ti ka ₦700 sí mi lọ́wọ́. Ẹni tí mo ní kò tó tà ni ó ń tajà fún mi yìí, ṣéńjì rẹ̀ sì pé.

Ó padà sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ajé. A máa ń dúró kàwé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí a bá jáde. Kò tíì yára, ṣùgbọ́n ó ń ka ìlà parí. Èmi náà wọ bàtà mi kan náà lọ kí ọ̀rẹ́ mi ní ilé titun rẹ̀, mo sì sọ òtítọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi, kí ó tó bu omi fún mi ó ti gbé ìwé ọmọ rẹ̀ wá pé kí n bá òun wò ó.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò sọ pé kí a má sapá, n kò sì sọ pé owó oṣù olùkọ́ tó. Kò tó. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ná yín ní ìnákúnàá lọ́sẹ̀ yìí, ìbáà jẹ́ ọ̀gá, ìbáà jẹ́ ìbátan, ìbáà jẹ́ ọkàn ẹ̀yin fúnra yín, ẹ rántí pé ẹni tí ń ná ọjà kọ́ ni ó ni ọjà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.