Ẹ Má Gé Igbó Kúrò Nínú Fọ́tò Labalábá

Ìdíje fọ́tò labalábá, irú èyí tí àwọn tí kì í fi kámẹ́rà jẹun máa ń ṣe láàárín ara wọn, kò jọ ohun tí ó lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ènìyàn gbé fóònù tàbí kámẹ́rà, ó rọra súnmọ́ labalábá títí ó fi ku ìwọ̀n ìka díẹ̀ sí i, ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn adájọ́ wo gbogbo fọ́tò tí ó wọlé, wọ́n mú èyí tí ojú kòkòrò náà hàn kedere jù, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dán jù, wọ́n fún ẹni tí ó yà á ní ẹ̀bùn. Ta ni yóò bínú sí irú eré bẹ́ẹ̀? Kò sí ohun tí ó burú nínú eré náà. Òfin tí wọ́n fi ń ṣe é ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, pàápàá òfin kan tí wọn kì í sábà kọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí gbogbo olùdíje mọ̀: ẹ̀yìn fọ́tò gbọ́dọ̀ mọ́. Kí ewé tí ó ya má ṣe hàn, kí ẹ̀ka igi má ṣe dí ojú, kí ohun gbogbo tí kì í ṣe labalábá di àwọ̀ ewé kan ṣoṣo tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tí òfin yìí ń kà sí ìdọ̀tí ni igbó.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń ran òfin náà lọ́wọ́. Bí lẹ́ńsì bá ti súnmọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀, apá fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ni ó máa ń hàn kedere; ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ àti èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò yọ́ bí òrí inú oòrùn. Ìdí nìyí tí ẹnu fi ń ya ènìyàn nígbà tí ó bá kọ́kọ́ rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìka ọmọdé tí ó bá mú labalábá kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú rárá. Ìpẹ́ ni, ìpẹ́ wínníwínní tí ó tò léra wọn bí páànù òrùlé, òun ni ó sì gbé gbogbo àwọ̀ ara ìyẹ́ náà. Ẹni tí ó bá fi fóònù olówó pọ́ọ́kú àti lẹ́ńsì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọn rí èyí fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní í gbàgbé. Ẹwà náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ti yọ ẹ̀yìn kúrò, labalábá tí ẹnìkan yà lẹ́bàá ọ̀nà Ararọ̀mí-Obù àti èyí tí ẹlòmíràn yà nínú ilé gíláàsì nílùú òyìnbó, níbi tí wọ́n ti ń sin labalábá ilẹ̀ olóoru fún ìran wíwò, di ọ̀kan náà. Adájọ́ kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ararọ̀mí-Obù kì í sì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni yọ kúrò nínú àwòrán. Ìjọba ìbílẹ̀ Odigbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ìlú náà wà, ní agbègbè igbó ọba tí odò Olúwa fún ní orúkọ. Igbó yìí àti igbó ọba Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn igbó àbójútó àgbáyé ní ọdún 1977, wà lára ìwọ̀nba igbó kìjikìji tí ó ṣẹ́kù ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà “ṣẹ́kù” gba àlàyé. Apá kan nínú igbó Olúwa ti di oko gmelina, igi ilẹ̀ Éṣíà tí àwọn agbégẹdú ń pè ní mẹlínà, tí wọ́n gbìn ní ẹsẹẹsẹ kí iléeṣẹ́ ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìwópin lè rí igi lò. Apá kan di oko rọ́bà. Kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà gba ibòmíràn, àwọn ọkọ̀ tí ń ru gẹdú sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ẹni tí ó bá ń kọjá lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Bìní, tí ó wo apá ọ̀tún àti apá òsì ní ìtòsí Ore, yóò rí àwọ̀ ewé níbi gbogbo, yóò sì gbà pé igbó ṣì wà. Mẹlínà náà ní àwọ̀ ewé. Rọ́bà náà ní i.

Labalábá kì í ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ́ labalábá kéékèèké kan wà nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ìdin wọn kì í jẹ ewé bí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́pẹ́ tí ó máa ń hù mọ́ èèpo igi àgbà ni oúnjẹ wọn, púpọ̀ nínú wọn sì ń gbé lórí igi kan náà pẹ̀lú àwọn èèrà kan tí kì í yọ wọ́n lẹ́nu. Bí ayùn bá wó igi àgbà náà, oúnjẹ lọ, ilé lọ, aládùúgbò lọ. Gbígbin ẹgbẹ̀rún mẹlínà sí ipò rẹ̀ kò lè dá ọ̀kan nínú wọn padà. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn kan wà tí ilẹ̀ gbalasa tẹ́ lọ́rùn. Papilio demodocus, aláwọ̀ dúdú òun ìyeyè tí ìdin rẹ̀ máa ń jẹ ewé ọsàn nínú àgbàlá, wà lára wọn. Danaus chrysippus, aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tí ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ dúdú tí ó sì ní àmì funfun, wà lára wọn pẹ̀lú. Láti Áfíríkà títí dé Éṣíà ni ó ń fò kiri ní ibi tí igi kò bá ti dí oòrùn. Nítorí náà, bí ibi tí àwọn labalábá abẹ́ igi ti ń jáde tẹ́lẹ̀ bá wá di ibi tí kìkì àwọn wọ̀nyí ń fò, ìròyìn ni. Igbó ni ó ń sọ pé òun ti kú. Fọ́tò lè gbé ìròyìn náà jáde, bí ó bá ní ibi, tí ó sì ní ọjọ́. Fọ́tò tí kò ní ibi tí kò sì ní ọjọ́, ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri ni.

Àwọn tí wọ́n ń gba ẹ̀bùn gan-an tún jẹ́ ẹjọ́ mìíràn. Láti òkè ni ọ̀pọ̀ olùdíje ti ń ya labalábá, nítorí pé òkè ìyẹ́ ni àwọ̀ ti ń tàn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ labalábá igbó, abẹ́ ìyẹ́ ni àmì tí onímọ̀ fi ń dá wọn mọ̀ wà. Òkè lè jọra bí ìbejì. Àwọn labalábá Bicyclus, aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n máa ń fò lórí ewé gbígbẹ ní ìsàlẹ̀ igbó, kò wu adájọ́ kankan. Wọn kò dán. Bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ igbó ni ilé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìdíje tí ó ń wá oge nìkan yóò máa fi owó àti ìyìn lé àwọn ọ̀dọ́ kúrò lẹ́yìn àwọn kòkòrò tí ó ní ohun púpọ̀ jù láti sọ.

Níbi tí ẹwà bá ti jẹ́ òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, ẹ̀tàn kì í jìnnà. Oòrùn ni labalábá fi ń mú ara rẹ̀ gbóná kí ó tó lè fò. Àwọn kan tí wọ́n mọ èyí máa ń tì í sínú fìríìjì kí ó lè kú tipiri, kí wọ́n tó gbé e sórí òdòdó tí wọ́n yàn fún un. Àwọn mìíràn a fi gọ́ọ̀mù lẹ òkú rẹ̀ mọ́ ewé. Àwọn ìdíje ńlá pàápàá kò mórí bọ́. Ìdíje fọ́tò ẹranko ìgbẹ́ tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìṣẹ̀dá ní Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe fún ìkookò kan tí ń fo géètì ní ipò kìíní ní ọdún 2009. Nígbà tí ó di 2010, wọ́n gba ẹ̀bùn náà padà, nítorí àwọn adájọ́ gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìkookò tí wọ́n ń sìn. Ní ọdún 2018, wọ́n tún fagi lé fọ́tò ẹranko ajẹkán kan láti ilẹ̀ Bràsíìlì, nítorí ó jọ òkú ẹranko tí wọ́n kì, tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ọgbà igbó kan. Ojú àwọn adájọ́ kò fọ́ ní ìgbà méjèèjì. Ohun tí wọn kò kọ́kọ́ béèrè dáadáa ni ibi tí ẹranko náà ti wá. Labalábá tí ó bá sì dìgbò lu ẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ á fàya. Ti inú fìríìjì kì í fàya, òun ni yóò sì borí èyí tí ó gbé inú igbó títí etí ìyẹ́ rẹ̀ fi jẹ.

Irú ìdíje mìíràn wà ní ayé, kì í ṣe àlá. Ní ọdún 2016, ìlú Los Angeles àti San Francisco ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní City Nature Challenge, èyí tí ó ti tàn kárí ayé láti ìgbà náà: ará ìlú ń fi fóònù ya ohun abẹ̀mí tí ó bá rí ní àdúgbò rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, orí áàpù iNaturalist sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi í sí. Lórí áàpù yìí, fọ́tò tí kò bá ní ọjọ́ àti ibi kò lè dé ipò tí onímọ̀ ti lè lò ó, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí wọ́n dá sí i tí ó gbà pé orúkọ tí wọ́n fún un tọ́. Yunifásítì Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà ní ti rẹ̀ ní LepiMAP, tí ń gba fọ́tò labalábá àti àfòpiná láti gbogbo Áfíríkà. Àwọn wọ̀nyí kò kọ ẹwà. Wọn kò kàn jẹ́ kí ó dá nìkan wọlé ni.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ọnà ni fọ́tò, pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n àwọn baba tí wọ́n hun sányán kò ya ọnà kúrò lára orísun rẹ̀: wọ́n mọ̀ pé láti inú ilé tí ìdin àfòpiná hun ni òwú náà ti ń wá, wọ́n sì mọ igi tí wọn yóò lọ wá a sí. Àwọn mìíràn yóò ní ìyà ń jẹ ará Ararọ̀mí-Obù, kí ni yóò fi labalábá ṣe. Ẹ wo ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yìí gbèjà. Ọ̀dọ́ tí ó bá dàgbà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí omi ti ń dúró lójú ọ̀nà gẹdú lẹ́yìn òjò, tí àwọn akọ labalábá ti máa ń bà lọ́pọ̀ láti fa iyọ̀ inú ẹrọ̀fọ̀ mu. Ó mọ̀ pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá rà, tàbí tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu bá dà sílẹ̀, àwọn Charaxes alágbára tí kì í bà sórí òdòdó yóò sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ. Olùdíje ìlú òkèèrè ń san owó ọkọ̀ òfuurufú láti wá kọ́ ohun tí ọmọ yìí mọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òun náà kò sì ní fìríìjì láti fi ṣe màdàrú. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ìrì ṣì wà lára ìyẹ́ labalábá tí kò sì tíì lè fò, tó fún un. Ohun tí ó ń lé e jáde nínú ìdíje ni owó ìwọlé tí wọ́n ń fi dọ́là gbà, àti òfin ẹ̀yìn tí ó mọ́, èyí tí fóònù rẹ̀ kò lè mú ṣẹ tó kámẹ́rà olówó gọbọi.

Ìbẹ̀rù kan wà tí ó tọ́: bí wọ́n bá sọ ibi, àwọn tí ń tà òkú labalábá yóò mọ̀ ọ́n. Papilio antimachus, tí ó tóbi jù ní gbogbo Áfíríkà, tí ìyẹ́ rẹ̀ lè fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, jẹ́ ohun tí àwọn akójọ ń wá. Ṣùgbọ́n iNaturalist máa ń bo ojú ibi gan-an mọ́lẹ̀ fún irú ohun tí ó wà nínú ewu, olùdíje náà sì lè fúnra rẹ̀ bò ó. Ìdí láti ṣọ́ra ni èyí. Kì í ṣe ìdí láti dákẹ́.

Ọkùnrin ará Dẹ́ńmáàkì kan, Torben Larsen, ni ó kọ ìwé ńlá lórí labalábá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó jáde ní 2005. Nǹkan bí 1,500 irú ni ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, gbogbo wọn ní orúkọ kan: labalábá. Ìdíje tí ó bá fẹ́ ṣe ohun tí ó ní láárí ní Odigbó lè fi ẹ̀bùn sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ àdúgbò kan lẹ́nu ọdẹ tàbí àgbẹ̀, tí ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò rẹ̀.

Àwọn olùṣètò kò sì níláti tún gbogbo òfin kọ kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó rọ̀. Kí wọ́n fi ìdajì máàkì sí ibi, ọjọ́, abẹ́ ìyẹ́ àti ewéko tí labalábá bà lé. Kí wọ́n dá fọ́tò òkú padà. Kí wọ́n sì béèrè fọ́tò kejì lọ́wọ́ gbogbo olùdíje, èyí tí kò nílò lẹ́ńsì kankan, tí ó kàn fi ibi tí ti àkọ́kọ́ ti wá hàn: kùkùté ni o, oko kòkó ni o, igi àràbà ni o. Fóònù tí ó ya ti àkọ́kọ́ lè ya èkejì. Kò gbà ju kí ẹni tí ó dì í mú padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ márùn-ún, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.