Owó Ọjà Kì í Ṣe Owó Ọbẹ̀

Ká sọ pé màmá kan tó ń yan ẹja ní Ayétòrò, ní Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ra ẹja tútù 40,000 náírà lọ́wọ́ àwọn apẹja. Ó ra igi ìdáná 6,000, ó wọ ọkọ̀ ojú omi dé ọjà Ìgbókòdá 3,000, ó sì fún alágbàrù àti agbowó ọjà ní 1,000. Nígbà tó tà tán, 58,000 ló so mọ́ etí aṣọ. Bẹ́ ẹ bá bi í pé èló ló jèrè, 18,000 ni yóò pè é, torí owó ẹja nìkan ló rántí. Èrè rẹ̀ gan-an kò ju 8,000 lọ. Àmọ́ 18,000 tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló gbójú lé tó fi ná 15,000 lórí ìrẹsì, owó ilé ìwé ọmọ àti aṣọ ẹbí (mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí aṣọ ẹbí). Ó ku 43,000. Tó bá yọ owó igi, owó ọkọ̀ àti owó alágbàrù òun agbowó ọjà kúrò, ẹja 33,000 ló lè rà lẹ́ẹ̀kejì. Kí ọjà mélòó kan tó kọjá, yóò máa gbàwìn, ẹni tó ń gbàwìn kì í sì í lẹ́nu láti dúnàádúrà. Ibẹ̀ ni yóò ti máa sọ pé ayé ló ń ṣe òun.

Ẹni tó bá pe àìkàwé ní àìmọ̀ṣirò kò tíì dé èbúté Ìgbókòdá rí. Àwọn màmá tó ń yan ẹja á ti pín owó agbọ̀n ẹja mẹ́ta sí ọ̀nà mẹ́rin kí akọ̀wé tó yọ bírò. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé àpò kan ṣoṣo ni owó òwò àti owó ilé jọ wà.

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Alejandro Drexler, Greg Fischer àti Antoinette Schoar, wádìí ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn oníṣòwò kéékèèké tó ń yáwó ní ilé ìfowópamọ́ ADOPEM ní Dominican Republic. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní ìṣirò owó bí akọ̀wé ṣe ń ṣe é. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní òfin kéékèèké: ya àpò owó òwò sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé, bí ilé bá yá lára owó òwò, sàmì sí i, kí o sì san án padà, ka owó tó wà nínú àpò òwò nígbà tóṣù bá parí. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, àwọn tó gba òfin kéékèèké ló tún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú owó ṣe. Ẹ̀kọ́ akọ̀wé kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan kan padà.

Ọ̀rọ̀ àpò yìí kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa ní Ìlàjẹ. Láti ìgbà tí àwọn ará Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ ti tẹ Ayétòrò dó ní 1947, ohun tí wọ́n bá rí nínú ẹja pípa, ọkọ̀ kíkàn àti aṣọ híhun, àpò ìlú ni wọ́n ń kó o sí, àpò ìlú ló sì ń bọ́ wọn, tó ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Mi ò ní ká padà síbẹ̀. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá òwò ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1960. Àmọ́ nígbà àpò ìlú, ẹnì kan kò lè dá owó àwọ̀n kó lọ ra ata. Lónìí, olúkúlùkù ni akápò ara rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wa níṣẹ́ akápò.

Nítorí náà, ẹ rán àpò méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀. Ẹ dá iye owó iṣẹ́ tí ẹ ó máa san fún ara yín lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ má sì kọjá rẹ̀. Bí ìṣòro bá mú yín tọwọ́ bọ àpò òwò, ẹ fi èédú fa ìlà sára pákó ilé, ìlà kan fún 1,000 kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì pa á rẹ́ títí ẹ ó fi san án. Ẹ máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ de àwọ̀n tó máa ya àti ẹ́ńjìnnì tó máa kọṣẹ́. Owó tó bá ti pọ̀, ẹ gbé e lọ sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tàbí báńkì. Òkun tó ń gbé ilé lọ ní Ayétòrò kò mọ ibi tí ẹ tọ́jú owó sí.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn olórí ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti apẹja. Bí OSOPADEC, àjọ ìdàgbàsókè àwọn àgbègbè elépo ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tàbí olóṣèlú bá gbé ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀rọ ìlọta wá, ẹ bi wọ́n léèrè ẹ̀kọ́ tó bá a wá. Ní Lómè, ní Togo, àwọn olùwádìí fi oníṣòwò 1,500 dán ẹ̀kọ́ méjì wò. Èrè àwọn tí wọ́n kọ́ ní ìdánúṣe, bí èèyàn ṣe ń wá ohun tí aládùúgbò kò tíì máa tà àti bó ṣe ń múra de ìṣòro, fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ti àwọn tó gba ẹ̀kọ́ ìṣòwò àtijọ́ jẹ́ 11, iye tí kò tó fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀kọ́ ló fà á. Ìwé ìròyìn Science ló gbé e jáde ní 2017. Àwọn olùkọ́ náà kò dúró sí kíláàsì nìkan, wọ́n ń tọ àwọn oníṣòwò lọ síbi tí wọ́n ti ń tajà.

Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè. Kó jẹ́ ẹni tó gbọ́ ẹ̀ka èdè Ìlàjẹ ló máa kọ́ni. Kí ẹ̀kọ́ náà má bọ́ sí ọjọ́ ọjà, kó má sì jẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì Àkúrẹ́ tí owó ọkọ̀ ibẹ̀ nìkan lè ju èrè ọ̀sẹ̀ kan lọ. Lẹ́yìn oṣù kan, kí olùkọ́ náà wọkọ̀ ojú omi padà wá sídìí ààrò ẹja àwọn tó kọ́, kó ní kí wọ́n kó àpò méjèèjì jáde, kí wọ́n sì jọ kà á.