Ta Ni Ó Sáré Níwájú Frankel?

Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mo gbé wá sára ògiri lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé tẹ́tẹ́ ni mo fẹ́ kọ́ yín o. Mi ò ta tẹ́tẹ́ rí, mi ò sì ní owó tí màá fi ta á. Òwe kan ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí wọ́n máa ń pa fún wa nígbà tí a bá tò sórí ìlà láàárọ̀, títí etí wa fi kún: ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí wọ́n bá ti pa á báyìí, gbogbo wa ti mọ̀ pé ẹni tó gba ipò kìíní ni wọ́n ń tọ́ka sí. Òun ni ẹṣin iwájú. Kí àwa yòókù máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ sáré.

Èmi ò gbà. Mo ní ẹ̀rí, láti orí pápá koríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rí náà sì ti wá, níbi tí ẹṣin ti ń sáré ní ti gidi, tí kì í ṣe nínú òwe.

Frankel ni orúkọ ẹṣin tí mo fẹ́ sọ. Ọjọ́ 11 oṣù February 2008 ni wọ́n bí i. Ọmọọba Khalid Abdullah láti Saudi Arabia ló ni ín, Henry Cecil ló sì ń kọ́ ọ ní eré sísá ní ìlú Newmarket. Wọ́n fi Bobby Frankel sọ ọ́ lórúkọ, ìyẹn ọmọ Amẹ́ríkà kan tó máa ń bá Ọmọọba náà kọ́ ẹṣin lọ́hùn-ún, tó sì kú ní 2009. Láti August 2010 títí di October 2012, ìgbà 14 ni Frankel jáde sáré, ìgbà 14 náà ló sì gba ipò kìíní. Tom Queally ló gùn ún ní gbogbo ìgbà náà. Àwọn Timeform, tí wọ́n ti ń fún ẹṣin ní máàkì láti 1948, fún un ní 147. Nínú eré tí ẹṣin kì í ti fo ọgbà, wọn ò fún ẹṣin kankan ní irú rẹ̀ rí.

Tó bá jẹ́ ibí ni ìtàn náà parí sí, òwe àárọ̀ wa ló jàre. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná.

Ẹṣin yìí ní àléébù kan. Wàdùwàdù ni. Bí géètì bá ti ṣí, ó fẹ́ ná gbogbo agbára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ tí wọ́n fún lówó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan tó jẹ gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ Monday. Eré máìlì kan kì í sì í ṣe eré ọgọ́rùn-ún mítà. Ẹ bi àwọn tó sá 1500 mítà ní ọjọ́ eré ìdárayá wa. Ẹni tó bá já lọ bí ọta ìbọn ní ìyípo àkọ́kọ́, orí ìjókòó ni wọ́n máa ń bá a nígbà tí wọ́n bá ń pín ọsàn.

Lóòótọ́, ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé àléébù náà ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ní April 2011, nínú eré 2000 Guineas ní Newmarket, ó já jáde, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. (Bí ara ẹṣin ṣe gùn láti imú dé ìdí ni wọ́n fi ń wọn àlàfo.) Nígbà tí wọ́n dé ìdajì ọ̀nà, àlàfo tó wà láàárín òun àti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn tó bí ẹṣin 15. Ó fi ẹṣin mẹ́fà borí níkẹyìn. Mo ti wo fídíò yẹn lórí fóònù kọjá ohun tí mo lè kà, ẹnu mi ṣì máa ń là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo òǹkà náà dáadáa: 15 di 6. Níbo ni mẹ́sàn-án yòókù lọ? Ó ti ná an ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù June ọdún yẹn, ní Ascot, wọ́n fi ẹṣin kan tó ń jẹ́ Rerouted síwájú kó máa darí eré. Rerouted sá ju bó ṣe yẹ lọ. Queally rí i tó ń jìnnà, ó sì ní kí Frankel lé e kí àsìkò tó tó. Frankel lé e bá, ó kọjá rẹ̀, àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé òpin, ara rẹ̀ ti ń wúwo, Zoffany sì ń bọ̀ lẹ́yìn fíìfíì. Frankel ló borí, ṣùgbọ́n àlàfo náà ò tó ẹṣin kan. Kò sí eré tí àyà mi já sí tó yẹn, bẹ́ẹ̀ mo ti mọ ẹni tó gbà á kí n tó tẹ fídíò náà. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ṣáà ti wà níwájú ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè máa wò sáré.

Ibí ni Bullet Train ti wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Frankel ni. Kind ni ìyá àwọn méjèèjì, Bullet Train sì ni àkọ́bí rẹ̀. Galileo ni bàbá Frankel. Sadler's Wells ni bàbá Bullet Train. Sadler's Wells yìí kan náà ló sì bí Galileo! Nítorí náà, tí ẹ bá gba ọ̀dọ̀ ìyá, ẹ̀gbọ́n Frankel ni Bullet Train. Tí ẹ bá gba ọ̀dọ̀ bàbá, àbúrò bàbá rẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ wa ńbí, ìpàdé ẹbí ni wọn ìbá fi yanjú ẹ̀.

Bullet Train kì í ṣe ọ̀dẹ̀ ẹṣin. Ní 2010 òun ló gba eré tí wọ́n fi ń dán àwọn ẹṣin Derby wò ní Lingfield. Wọ́n retí ohun ńlá lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò dé. Ní October 2011, Cecil wá fún un ní iṣẹ́ mìíràn ní Ascot: kó jáde, kó gba iwájú, kó máa sáré tó wọ̀n, kí àbúrò rẹ̀ lè fara balẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Tí àsìkò bá tó, kí àbúrò kọjá. Kí òun máa bọ̀ lẹ́yìn bó bá ṣe lè bọ̀.

Ohun tó ṣe nìyẹn ní Ascot lọ́dún yẹn. Ó tún ṣe é ní Newbury ní May 2012. Ó tún ṣe é ní Ascot ní June, nínú eré Queen Anne, Frankel sì fi ẹṣin 11 borí lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sọ pé eré tó dára jù tí àwọn rí nìyẹn. Ní Goodwood ní August, ẹṣin mẹ́rin péré ló sáré, Bullet Train wà nínú wọn, òun náà ló gba iwájú. Láàárín gbogbo ìgbà yìí, Shane Fetherstonhaugh ló ń gun Frankel láràárọ̀ ní Newmarket, tó ń kọ́ ọ ní sùúrù, láìsí èrò ìwòran, láìsí kámẹ́rà. Nígbà tó fi máa di York, lóṣù August yẹn kan náà, ẹṣin tí kò lè dúró ti sá máìlì kan àti ìdámẹ́rin, èyí tí kò sá rí, ó sì fi ẹṣin méje borí. Àìsàn jẹjẹrẹ ti mú Cecil débi pé ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́ lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ó wá. Ó kú ní June 2013.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú SS2 máa fẹ́ bá mi jiyàn (ó mọ ara rẹ̀). Á ní ṣebí ní July 2011, Frankel nìkan ló gba iwájú ní Goodwood láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó sì fi ẹṣin márùn-ún na Canford Cliffs. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Cecil wà níbẹ̀, ó rí i. Eré tó tẹ̀ lé e gan-an ló mú Bullet Train wá. Ṣé a mọ Frankel ju Cecil lọ ni?

Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ló tún kù, torí ibẹ̀ ni owó wà. Lẹ́yìn eré tó fi kógbá sílé ní October 2012, níbi tó ti borí Cirrus des Aigles, ẹṣin Faransé tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá tí kò lè bímọ láéláé, wọ́n dá Frankel padà sí Newmarket láti máa gun abo ẹṣin. £125,000 ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lórí abo kan. Ní 2024 ó ti di £350,000. Òfin eré náà ò sì gbà kí dókítà fi abẹ́rẹ́ ṣe é, akọ àti abo gbọ́dọ̀ pàdé ní ojúkojú. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà ò dójú tì í: Soul Stirring ní Japan, Cracksman, Adayar tó gba Derby ní 2021, Alpinista tó gba Arc ní Paris ní 2022, Chaldean tó gba 2000 Guineas ti bàbá rẹ̀ gan-an ní 2023. Ní 2021 àti 2023, kò sí bàbá ẹṣin tí ọmọ rẹ̀ pa owó tó ti Frankel ní Britain àti Ireland.

Àwọn ènìyàn á ní ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ inú kan náà ni Bullet Train ti jáde. Noble Mission, àbúrò Frankel, ọmọ ìyá ọmọ bàbá kan náà, ṣe wàhálà fún ọdún mélòó kan kí orí rẹ̀ tó ṣí ní 2014, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún, tí ìyàwó Cecil ti gba iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ṣe. Kí ni wọ́n yí padà? Wọ́n jẹ́ kó máa gba iwájú. Bó ṣe gba eré tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dágbére ní Ascot nìyẹn.

Ní ti èmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jáde SS3 ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìwé rẹ̀ dára, ó dára ju tèmi lọ. Owó tó wà nílé kò lè gbé ẹni méjì, ó bá lọ kọ́ aṣọ rírán. Owó WAEC tí mo san ní sáá tó kọjá, láti abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ti wá. Òun náà ló sọ ìwé wo ni kí n kọ́kọ́ kà, àti olùkọ́ wo ni mi ò gbọ́dọ̀ pẹ́ sí iṣẹ́ rẹ̀, torí ó ti gba ọ̀nà náà kọjá. Bí mo bá yege, orúkọ mi ni wọn ó kọ sára pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì. Mo mọ ọ̀pọ̀ nínú yín tí ọ̀rọ̀ yín rí bẹ́ẹ̀: ìyá tó ń ta ẹ̀kọ, bùrọ̀dá tó ń gun ọ̀kadà, ọ̀rẹ́ tó ń dúró lẹ́yìn ìgbà tí ilé ìwé bá parí láti kọ́ yín ní Físíìsì, tí òun fúnra rẹ̀ wá gba máàkì tó kéré sí tiyín.

Ohun tí mo ń bẹ Pírínsípà àti àwọn olùkọ́ wa fún kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ ìpín-ẹ̀bùn tó ń bọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá jáde wá gba tirẹ̀, kí wọ́n fún un ní máíìkì, kó dárúkọ ẹnì kan tó sáré níwájú rẹ̀. Orúkọ nìkan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn. Bí a bá ń pa òwe ẹṣin iwájú, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tí à ń pa á fún.

Nígbà tí mo ka ìwé yìí fún ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó, ó ní, "Ẹṣin ni Bullet Train o. Kò yọ̀ǹda ara rẹ̀. Wọ́n kàn fi síbẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí pé nílé wa náà, mi ò rántí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bi ẹ̀gbọ́n mi pé ṣé ó fẹ́. Mo bi í lálẹ́ ọjọ́ Sunday tó kọjá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ kàwé.

Mo ti fi ẹ̀dà ìwé yìí sílẹ̀ lọ́wọ́ ààrẹ Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn kó lè bá wa gbé e dé ọ́fíìsì. Mo fi àyè sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ibí. Ẹni tó bá gbà, kó fi bíírò kọ orúkọ àti kíláàsì rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà náà, kó kọ tirẹ̀ wá, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.